Kámẹ́rà Tí Kì Í Dún

Èmi Mọ́rúfù, iṣẹ́ páńẹ́lì ni mò ń ṣe ní Okokomaiko. Mọ́tò tó bá ti wó, èmi ni mò ń lù ú padà sípò. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ mọ́tò lónìí, kámẹ́rà ni kí ẹ bi mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi fóònù ya fọ́tò kiri Ìbà àti Ọ̀jọ́, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìyàwó mi ní wèrè ni. Ó dáa, mo gbà, wèrè tó ń gbádùn ara rẹ̀ ni mí.

Màmá Ẹ̀hìndé ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, ọ̀dọ̀ mi ní Ìbà ni wọ́n sì ń gbé báyìí. Táyé tí wọ́n jọ wáyé ti kú láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo nílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ. Wọ́n á fi èyí tó kù jókòó sápá ọ̀tún, wọ́n á yà á. Wọ́n á tún fi í jókòó sápá òsì, wọ́n á tún yà á, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ wà lójú kan. Nígbà ti Màmá, ẹkún ni gbogbo ilé ń sun, ta ló fẹ́ rántí fọ́tò? Ní báyìí tí wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

"Mọ́rúfù, fi mí jókòó ti Táyé kí n tó lọ."

Mo kọ́kọ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá onífọ́tò kan nítòsí Ìyànà Ìbà. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ya Màmá, ló bá fi kọ̀ǹpútà sọ ojú kan di méjì. Màmá wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Èmi àti èmi rèé. Táyé ńkọ́?" Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi páálí fọ́tò náà gbá a létí.

Mo wá fi fóònù mi gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi. Bí mo bá ti gbé fóònù sókè báyìí, Màmá á le ojú koko bí ẹni tó fẹ́ gba káàdì ìdìbò. Táyé sì rèé, ẹ̀rín ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní tiẹ̀. Wọ́n ní kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì kó má rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sì ní kí wọ́n bá mi tẹ fọ́tò fóònù náà ní ńlá, ojú rẹ̀ á kàn ṣú bàìbàì.

Bí mo ṣe pinnu láti ra kámẹ́rà gidi nìyẹn, kékeré tó máa wọ àpò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yàn láàárín méjì. Dúdú kan wà tó ní súùmù, tó lè fa èèyàn tó wà ní òpin àdúgbò wá sí iwájú rẹ. Sílífà kan sì wà tí kò ní súùmù, àmọ́ tí wọ́n ní ojú rẹ̀ ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Èmi ti mú ti dúdú. Mo bá àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń ya fọ́tò jà lórí Wásáàpù títí wọ́n fi sọ pé kí n lọ sùn.

Nígbà tí mo ń lọ sí ọjà Alába lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ní àwọn ń bá mi lọ. Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀, gbé ìjókòó fún wọn. Ó ki mẹ́mọ́rì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ inú dúdú, ó ní kí n dán an wò. Mo kọjú rẹ̀ sí Màmá. Ojú wọn le. Iná kọ yàà, kámẹ́rà dún ká! Fọ́tò náà mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun ojú wọn. Ara mi yá gágá.

"Ẹ dán èyí náà wò, ọ̀gá mi," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí, ó ti yọ mẹ́mọ́rì náà sínú sílífà. "Kẹ́ ẹ má baà dá mi lẹ́bi lọ́la."

Mo gbà á bí ẹni gba ìdọ̀tí. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún, iná kò kọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́.

"Fẹ́yìsayọ̀, ṣé òkú lo gbé lé mi lọ́wọ́ yìí? Torí pé o rí epo lára aṣọ mi, o rò pé mi ò mọ kámẹ́rà? Ṣé ojú gọ̀ǹgọ̀ṣú lo fi ń wò mí ni?" Gbogbo bí mo ṣe ń pariwo yẹn, ìka mi kò kúrò lórí bọ́tìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í dún ni. Ó ti ya mọ́kànlá."

"Irọ́ ńlá!" Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n lè fi hàn án.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Màmá. Ẹ̀rín ọ̀hún pọ̀ débi pé wọ́n ń fọwọ́ lu itan, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sì ń yọjú. Ojú tì mí, èmi náà bá ń rẹ́rìn-ín, ìka mi sì ṣì ń tẹ bọ́tìnì.

Fẹ́yìsayọ̀ ṣí èyí tó gbẹ̀yìn hàn wá. Orí Màmá wà lẹ́yìn, ẹnu wọn là gbàǹgbà, gèlè ti yọ̀ sẹ́yìn, ewú wọn hàn funfun. Mi ò rí ojú yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ mi.

"Kí n pa wọ́n rẹ́?" Bí Fẹ́yìsayọ̀ ṣe máa ń pa gbogbo fọ́tò àdánwò rẹ́ nìyẹn.

"O ò gbọdọ̀ dán an wò!" Mo jágbe mọ́ ọn tó fi ta gìrì. "Sílífà ni mo fẹ́. Bá mi dì í, tòun ti mẹ́mọ́rì yẹn."

Àmọ́ Màmá ti na ọwọ́, wọ́n ti gba kámẹ́rà náà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta nìyí, Mọ́rúfù?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kọ́." Wọ́n ní kí Fẹ́yìsayọ̀ ṣí ti àkọ́kọ́, èyí tí dúdú yà, padà wá. "Èmi rèé." Ó tún ṣí ti ìkẹyìn fún wọn.

Màmá fi ìka kan ra orí fọ́tò náà jẹ́jẹ́, níbi tí gèlè ti yọ̀.

"Táyé," ni wọ́n wí, "ìwọ náà ti hu ewú."