Ilẹ̀ Aláwọ̀ Eérú

Nínú ọyẹ́ ọdún 1988 ni Mùstàfá ti Àbíjàn dé, ó ní oko orí òkè tó wà lọ́nà Masifa ní Èjìgbò lòun máa kọ́lé sí. Bàṣírátù, opó àbúrò rẹ̀, ló ń dáko níbẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí obìnrin náà jáde opó. Mùstàfá kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn kó àwọn bíríkìlà wá, wọ́n fa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tu, wọ́n jù ú sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìpìlẹ̀.

Bàṣírátù dúró létí kòtò, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ló wà lókè, ilẹ̀ pupa tó gbẹ táútáú tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòtò jìn tó orúnkún, pupa yẹn tán. Ilẹ̀ tó rí bí eérú ló kàn, àmì wínníwínní tó pọ́n bí irin tó dógùn-ún kún inú rẹ̀. Abẹ́ ìyẹn sì ni amọ̀ kan tó le débi pé ọkọ́ ń ta padà lórí rẹ̀.

Ó mọ ilẹ̀ yìí. Lọ́dún tí iṣu wọn kọ́kọ́ jẹrà síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ wa kòtò, ó fi hàn án. Ibi tí ilẹ̀ bá ti pupa, omi kì í dúró síbẹ̀. Ibi tó bá ti dà bí eérú, omi ti jókòó síbẹ̀ pẹ́. Àmì tó pọ́n wọ̀nyẹn, omi tó ń wá tó sì ń lọ ló ń ṣe é. Bí òjò bá wọlẹ̀, amọ̀ líle yẹn kì í jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbára jọ sí. Lẹ́ẹ̀rùn, o ò ní rí ẹ̀kán omi kan. Ta ni yóò sì rò ó, nígbà tó jẹ́ orí òkè ni?

"Ẹ jọ̀ọ́, Alájì," ó ní, "ilẹ̀ yìí, tó bá di ìgbà àrọ̀kúrò—"

Mùstàfá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Ìwọ tí ọkọ kú mọ́ lọ́wọ́ ló fẹ́ kọ́ mi nílé kíkọ́? Lọ sunkún ọkọ ẹ!"

Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Bàṣírátù kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó lọ. Bó ṣe ń lọ ló ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kọ́ ọ. Kọ́ ọ tán."

Bíríkì alámọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kí òjò tó le, wọ́n ti kan páànù, Mùstàfá sì kó ìyá rẹ̀ wọ yàrá àkọ́kọ́. Ìyá yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Bàṣírátù lóúnjẹ nígbà tó ṣọ̀fọ̀. Òun náà ló ní kí Bàrákátù, ọmọ Bàṣírátù, wá máa bá òun sùn.

"Ìyàwó mi, jẹ́ kọ́mọ mi máa wá. Yàrá yẹn ti fẹ̀ jù fún èmi nìkan."

Ó yẹ kí Bàṣírátù sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ yún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn bíríkìlà ṣì wà létí rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ikọ́ ń ṣe é ni. Kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn."

Ikọ́ kankan kò ṣe ọmọ.

Àrọ̀kúrò dé. Omi kọ́kọ́ ń sun nídìí ògiri, Mùstàfá ní ọ̀rinrin lásán ni. Nígbà tó yá, bíríkì ìsàlẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìyá ṣì jókòó lórí ẹní ìkírun, tó ń fa tẹ̀sùbáà, ògiri wó lù ú.

Kí wọ́n tó wú u jáde, ó ti kú. Ibi tí wọ́n ń wú, omi ń ru jáde látinú ilẹ̀ eérú yẹn. Mùstàfá wo omi, ó wo Bàṣírátù tó ń sunkún.

"Ìwọ lo ń dáko níbí. O mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ ní kí n lọ sunkún ọkọ mi."

 Bàrákátù, tó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ló sọ̀rọ̀. "Màmá, ṣé ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ní mò ń wúkọ́?"



Mùstàfá kò lu Bàṣírátù, kò bú u. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó pe àwọn àgbà ẹbí, ó ní ọmọ àbúrò òun kò ní gbé lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ́ kí ìyá òun kú. Kò sẹ́ni tó gbèjà obìnrin náà nínú wọn. Ní gáréèjì Èjìgbò, Bàṣírátù di ojú fèrèsé ọkọ̀ Àbíjàn mú, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Mùstàfá ká ìka rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bàrákátù tẹjú mọ́ iwájú.

Ilẹ̀ onílẹ̀ ni Bàṣírátù ń ro báyìí n'Ífẹ̀-Ọ̀dàn. Gbogbo ẹni tó bá ti Àbíjàn dé ló ń bi léèrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ga, ó ti gbọ́ Faransé. Nígbà kan, ó bi obìnrin kan bóyá ọmọ náà ń béèrè òun.

"Ó ní ìyá òun ti kú," ni obìnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.