Orúkọ Tí Mọ́wùnmí Kò Pè Rí

Ní ọdún 2014, ní Thamesmead West, ní ìhà gúúsù odò Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mọ́wùnmí. Opó ni, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ó ń ṣe. Ọmọ méjì ni ó bí, Michael àti Moráyọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sílẹ̀, Moráyọ̀ nìkan ni ó kù.

Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ni ó mú Michael lọ ní oṣù kejì ọdún náà, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógún. Ní gbogbo ọjọ́ tí ìrora egungun kò bá jẹ́ kí ó dìde, ìdí kọ́ńsóòlù ni a ti ń bá a, àpótí eré dúdú tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Eré bọ́ọ̀lù ni ó yàn láàyò. Ó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó wọ̀ wọ́n láṣọ funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀ bí ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó sì mọ ojú àwọn ẹni tirẹ̀ sí wọn lára. Wòlíì Isaac, olórí ìjọ wọn, ni ó fi ṣọ́ ilé. Baba rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni balógun ẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wọ nọ́ńbà mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ sì wọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án.

"Ta ni ọkùnrin tí ó gbé ojú mi wọ̀ yìí?" ni Mọ́wùnmí bèèrè.

"Ìwọ ni, Mummy. Àwọn tí ó ṣe eré náà kò rántí pé obìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ wé gèlè fún ọ, àpótí kọ̀."

"Orí wọn kò pé. Èmi tí n kò lè sá bá bọ́ọ̀sì!"

"Síbẹ̀, ìwọ lo ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù."

Fọlárìn, àbúrò ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ń gbé ní Woolwich, ni Michael fi sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó kórìíra kọ́ńsóòlù. Kọ̀ǹpútà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, èyí tí ó ń pè ní PC, ni òun fi ń ṣeré.

"Ayálégbé ni ọ́, Michael," ni Fọlárìn máa ń wí. "Kọ́ńpìnnì ni onílé. Lọ́dọọdún, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún eré àná, wọ́n á tún tà á fún ọ. Wọ́n á ta àpò tí o kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ tí ó bá wù wọ́n, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Lórí PC, èmi ni mo ni ilé, èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́."

"Uncle, jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ jẹ́ẹ́!"

Ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Mọ́wùnmí kì í pe Fọlárìn lórúkọ. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tí ó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn ín wọlé ọkọ, ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé báàgì kọ́ èjìká ni Fọlárìn. Mọ́wùnmí sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ọmọ náà máa ń dán an wò: "Ìyàwó wa, ẹ pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀kan péré, n ó fún yín ní ẹran mi." Mọ́wùnmí á rẹ́rìn-ín, á ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ ẹran yín." Nínú ìbínú àti nínú ayọ̀, nílé àti lókè òkun, orúkọ náà kò kan ètè rẹ̀ rí.

Nígbà tí àìsàn Michael le, Wòlíì Isaac fún un ní orúkọ àdúrà gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ wọn, orúkọ tuntun tí ikú kò mọ̀, kí ikú lè pe ti àtijọ́ títí kí ó má rí ẹni dá a lóhùn. Aláìsàn, wòlíì, ìyá àti baba nìkan ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Nítorí pé baba ti kú, Fọlárìn ni ó dúró nípò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń fi omijé pe orúkọ náà sí Ọlọ́run. Ikú kò gbọ́, ó wọlé. Ṣùgbọ́n kí Michael tó lọ, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé orúkọ yẹn ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun fi ń ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ òun. "Kò sí olè tí ó lè mọ̀ ọ́n láé, Mummy."

Láti ìgbà náà, bí Mọ́wùnmí bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, á bọ́ bàtà, á tan àpótí, á fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù fúnra wọn. Á máa wo ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń gbá a fún ọmọ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń gbá a fún òun. Kò sí ibòmíràn lábẹ́ ọ̀run tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tún jọ wà.

Ní ọ̀sán kan ní oṣù kẹsàn-án, ó tan àpótí, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n ti ti ibẹ̀ pa títí láé. Igbe tí ó ké mú kí aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn.

Fọlárìn sáré wá láti Woolwich. "Ṣé mo wí? Kọ́ńpìnnì ni! Olè ni wọ́n, Ìyàwó wa. Bí ó bá jẹ́ pé orí PC ni!" Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò kọjú sí tẹlifíṣọ̀n náà.

Mọ́wùnmí gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ìjọsìn wọn, ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n sọ di ìjọ, kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ní kí wọ́n tan àbẹ́là ẹ̀san fún òun.

"Mummy Michael, ọ̀kọ̀ ni àdúrà yìí," ni Wòlíì kìlọ̀. "Kí àbẹ́là tó kú ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹni tí ó ju ọ̀kọ̀ lè pè é padà, bí ó bá dárúkọ ẹni tí ó ń lọ bá níwájú ìjọ. Bí àbẹ́là bá ti kú, kò sí ìpadà mọ́. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Daddy. Kọ́ńpìnnì ni."

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. "Ẹni tí ó pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì, kí ó má rí ibi fi orí lé. Kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn títí láé." Ìjọ ṣe àmín. Fọlárìn la ẹnu pẹ̀lú wọn, ohùn kò jáde.

Ní ọjọ́ Sátidé, Moráyọ̀ pe kọ́ńpìnnì náà lórí fóònù. Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mummy, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó jálẹ̀kùn. Ẹni náà kọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà, ó sì tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá fi irinṣẹ́ kan tí wọ́n kà léèwọ̀ gbìyànjú láti kó ẹgbẹ́ náà jáde. Ìdí tí wọ́n fi tì í nìyẹn. Wọn kò lè dá a padà."

"Kó wọn jáde lọ sí ibo?"

"Sórí PC, Mummy."

Mọ́wùnmí fi ìka ka àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà. Òun mọ orúkọ àdúrà náà. Wòlíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Wòlíì tí ń bẹ ọmọdé kí wọ́n bá òun tẹ fóònù. Michael ti gbé tirẹ̀ wọ ilẹ̀. Ó ku ẹnì kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹni náà wọlé, ó gbé ìrẹsì wá láti ilé ìtajà ńlá tí ó wà ní Thamesmead, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ kò ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá mi sọ?"

"Ọ̀rọ̀ wo, Ìyàwó wa?"

"Ọ̀la ni àbẹ́là yóò kú."

Ó gbé àpò ìrẹsì sílẹ̀. "Kọ́ńpìnnì ni. Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́."

"Mo fi ọkọ mi tí ó wà nílẹ̀ bẹ̀ yín."

"Wọ́n ń dúró dè mí níbi iṣẹ́." Ó jáde, kò jókòó.

Mọ́wùnmí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ gbé ọmọ kúrò nílé ayálégbé wá sí ilé ara rẹ̀, kí ó lè fi ṣe ẹ̀bùn fún òun. Bí ó bá jẹ́ ìkà ni ó fi ṣe é, ìbá rọrùn. Òun ìbá jẹ́ kí ọ̀kọ̀ máa lọ. Ìfẹ́ àti ìgbéraga ni ó fi ṣe é, ẹ̀rù sì ni ó fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ wọ aṣọ funfun, wọ́n to bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Àbẹ́là ti kúrú. Wòlíì na ọwọ́ sí i.

"Daddy, ẹ dúró," ni Mọ́wùnmí wí. "Mo fẹ́ pè é padà."

Ó wo ìlà àwọn ọkùnrin, ó ń retí kí ẹnì kan fúnra rẹ̀ dìde. Iná fì. Kò sí ẹni tí ó dìde.

"Akọ̀wé ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Wòlíì mi orí. "Orúkọ tí ìyàwó sọ ọ́ kò tó, ọmọ mi. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ ni."

Fọlárìn gbé ojú sókè. Ojú ọmọ ilé-ìwé yẹn náà ni, tí ó fẹ́ fi ẹran ra orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyàwó. Omijé ṣàn sí Mọ́wùnmí lẹ́nu, ó gbé e mì, ó sì sọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ:

"Fọlárìn Ọ̀nàfúwà ni."