Ìbọn Tíṣà Tó Ń Mì

Ẹni tó bá gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Kònímì, gbólóhùn kan náà ló máa gbọ́ nígbà tó bá wá gbà á: "Ẹ máa lọ, kò ní mì." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tún ìbọn ìdíje ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lókè àtẹ̀gùn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Kì í ṣe pé ó ń bú èèyàn o. Kò kàn mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe lẹ́yìn kí wọ́n béèrè ohun tó bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá àwọn oníbàárà tàkúrọ̀sọ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó ti kú, ọdún kẹrin rèé, ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́ débi pé Ọ̀gá ń gbọ́ ìró aago ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ a máa pè é lọ́jọọjọ́ Àìkú láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n á béèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n á sì dákẹ́ títí ọ̀kan nínú wọn á fi rántí ohun tó fẹ́ lọ ṣe.

Nínú gbogbo àwọn oníbàárà, Tíṣà nìkan ló ń jókòó. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀pá ló fi ń rìn, àmọ́ kò sí ìdíje ẹgbẹ́ ayìnbọn tí kì í lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbé ìbọn rẹ̀ wá, ó ní ọta òun kì í lọ síbi tí òun ń wò mọ́. Ọ̀gá fi ọwọ́ kan di igi ìbọn mú, ó fi ọwọ́ kejì di irin rẹ̀ mú, ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Kọ́, kọ́. Igi ti gbẹ, àyè tí wọ́n gbẹ́ fún irin ti fẹjú, irin wá ń ṣí nípò ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún. Kékeré ni, kò nípọn ju èékánná lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá yẹ̀ bí èékánná lọ́wọ́ ayìnbọn, bí àtẹ́lẹwọ́ ló ń yẹ̀ tó bá fi dé ibi àmì lọ́hùn-ún.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ kan wà tí wọ́n ń dà sínú igi. Wọ́n á gbé irin lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á le bí òkúta, ó parí. Lọ́jọ́ yẹn, gọ́ọ̀mù ti tán. Ọ̀gá gé bébà líle, ó ki í bọ abẹ́ irin, ó fún súkúrù méjèèjì tó de irin mọ́ igi. "Ẹ fi èyí gbọ́ bùkátà ná." Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni Tíṣà jókòó sórí àpótí tí ìyàwó Ọ̀gá máa ń jókòó lé, tó ń ròyìn bí òun ṣe fi máàpù kọ́ kíláàsì kan fún odindi sáà láìmọ̀ pé òun dorí ẹ̀ kodò. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ṣàjèjì sí etí ara rẹ̀.

Láàárín oṣù kan, bébà ti tẹ̀, ìbọn ti ń mì, Tíṣà padà dé. Gọ́ọ̀mù tuntun ti wà lórí pẹpẹ nígbà yẹn. Ọ̀gá wò ó. Ó wo àpótí. Ó tún gé bébà.

Ìgbà mẹ́rin ló fi bébà tún un ṣe. Ẹ má bi mí bóyá ó mọ̀ pé kò dáa, ó mọ̀. Ọkùnrin tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ yangàn, òun náà ló wá ń dìídì ṣe é láàbọ̀ kí ẹnì kan lè máa wá jókòó tì í! Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn àgbà ti wí i, ṣùgbọ́n wọn ò ní kéèyàn máa fi ìbọn oníbọn wá ẹni tó máa bá a rìn.

Nígbà karùn-ún, Tíṣà ò ròyìn kankan. Ó gbé ìbọn kalẹ̀.

"Ọ̀gá Kònímì, bóyá kì í ṣe ìbọn ló ń mì. Bóyá èmi ni. Bí mi ò bá ṣe dáadáa ní ìdíje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti jáwọ́ nìyẹn."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Tíṣà."

"Kí lo fi mọ̀?"

Ọ̀gá fa ìbọn sọ́dọ̀. Ó ní kí Tíṣà padà wá lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tó ku òun nìkan, ó yọ gbogbo bébà, ó nu inú igi mọ́, ó fi ìda pa irin lára kí gọ́ọ̀mù má bàa gbá a mú, ó sì da gọ́ọ̀mù sí i. Ó ń ṣe é, ó ń bà á nínú jẹ́. Nígbà tí gọ́ọ̀mù le, ó gbọ̀n ọ́n. Kò dún. Ó gbé e fún Tíṣà, ó ní, "Ẹ máa lọ, kò ní mì."

Tíṣà gba ipò kejì. Ara pátákó ẹgbẹ́ ni Ọ̀gá ti kà á. Oṣù kan kọjá, kò gbọ́ ọ̀pá Tíṣà lórí àtẹ̀gùn. Ó di oṣù méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀pá dún. Tíṣà yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣófo. Inú Ọ̀gá dùn débi pé gbólóhùn kan ṣoṣo tó mọ̀ ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

"Kí ló bàjẹ́?"

Tíṣà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. "Kò sí o. Mo kàn ń kọjá lọ ni." Ó yíjú padà, ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ta ló ń kọjá lọ lórí àtẹ̀gùn tí kò lọ síbòmíì? Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ọ̀gá fò dìde. Ṣùgbọ́n ìbọn mẹ́rin wà lórí tábìlì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í sì í fi ìbọn sílẹ̀ gbayawu, ìbáà jẹ́ ilé ló ń jó. Ó kó wọn sínú àpótí irin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí kọ́kọ́rọ́ méjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti géètì. Nígbà tó fi dé ojú pópó, Tíṣà ti lọ.

Ó padà sókè, ó ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníbọn sí. Ìgbà márùn-ún ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì Tíṣà, níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kọ ọ́ sí pé: irin ń mì. Òpópónà kẹta síbẹ̀ ni. Kò dé ibẹ̀ rí.

Ó kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí Tíṣà tó ṣí i.

"Kí ló dé?"

"Ìbọn yín. Bébà ni mò ń fi sí i. Gọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, mi ò lò ó. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá ni."

Lẹ́yìn Tíṣà, nínú yàrá, Ọ̀gá rí tábìlì kan, àga kan, ife kan.

"Ìdíje mẹ́ta ni mo ti fìdí rẹmi. Mo ti sọ fáwọn ọmọ mi pé ojú mi ti lọ."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mò ń bínú." Ó di ilẹ̀kùn mú síbẹ̀, kò tì í. "Wọlé. Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè dúró bínú."