Wúrà Inú Òkú Tẹlifíṣọ̀n

Ọkọ mi kì í da òkú tẹlifíṣọ̀n nù. Iṣẹ́ àtúnṣe ló ń ṣe, ó sì gbà pé ọjọ́ tóun bá da ẹrù oníbàárà nù gan-an ni olówó ẹ̀ máa yọ lókèèrè. Báyìí ni tẹlifíṣọ̀n àti rédíò tí kò lè jí mọ́ ṣe kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà, wọ́n tún wọ yàrá tí mò ń sùn. Ó sú mi pátápátá.

Onílé ní ká kó wọn kúrò kóṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ká kó ẹrù wa jáde. Ṣọ́ọ̀bù yẹn la sì ń jẹ. Ọlọ́kọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ní owó ọ̀tọ̀ ni tiwọn, torí májèlé wà nínú wọn. Mo bá gbọ̀nà ilé àwọn oníbàárà, kí wọ́n wá kó ẹrù wọn.

"Ṣé mo gbà á padà ni?" Tíṣà tó ni ọ̀kan nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n náà bi mí. "Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín."

Télọ̀, oníbàárà mìíràn, ní kí n lọ bá ẹni tó ta tiẹ̀ fóun. Ẹni tó tà á ní kí n lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Onílé alára, tí rédíò rẹ̀ wà níbẹ̀, mi orí.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó."

Lọ́jọ́ kejì, mo rọra sọ fún Télọ̀ pé wúrà wà nínú wọn, kó má sọ fẹ́nì kankan o. Mi ò purọ́. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ẹ̀ kò lè dí ojú abẹ́rẹ́. Télọ̀ kò bi mí bó ṣe pọ̀ tó.

Kó tó dọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù ti kún fún olóhun. Tíṣà gbé tirẹ̀ rù, ó ń làágùn. Onílé ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá wá gbé, inú ilé òun ló wà, òun ló ni ín. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí pálọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó tú u títí tí kò rí nǹkan kan, ó wá bá mi.

"Ìyàwó wa, ta ni yóò sanwó ọkọ̀ tó máa kó wọn?"

"Ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sanwó. Nígbà tóṣù yí, owó ilé wa lọ sókè. Mo bi onílé pé kí ló dé.

"Ṣé ọ̀fẹ́ lẹ rò pé ọlọ́kọ̀ kó wọn ni?"

A san án. Ọkọ mi ní ká dúpẹ́, ó kéré tán, olóhun kò ní wá béèrè ẹrù lọ́wọ́ òun mọ́.