Ọwọ́ Méjì Létí Ibùdó Kẹta

Kò sí ọjọ́ Àìkú kan tí àwọn àgbà ọkùnrin ìlú Santa Brígida kì í jókòó sábẹ́ igi máńgòrò etí pápá, kí wọ́n máa ta dómínò, kí wọ́n sì máa sọ ọ̀rọ̀ ọdún kan ṣoṣo. Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ ṣúgà wọn na gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní apá ìlà oòrùn erékùṣù. Bọ́ọ̀lù onígi ni o, èyí tí ẹnì kan ń jù tí ẹnì kejì ń fi kùmọ̀ gbá, tí ẹni tó gbá a á sáré yí ibùdó mẹ́ta ká kó tó délé, ìyẹn ibi tó ti gbá a. Ìrèké ń gbẹ lóko, kò sẹ́ni tó bìkítà. Àwọn obìnrin ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè lọ sí pápá, àlùfáà ń gé ìsìn kúrú kó lè bá wọn débẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ojú wọn á máa tàn, àfi bí wọ́n bá dé ọjọ́ àṣekágbá. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn á ti yíjú sí Fermín.

Ẹnì kan á ní, "Òpó, ṣé o ti délé báyìí?"

Wọn á rẹ́rìn-ín, Fermín náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Yudelka ọmọ rẹ̀ ti ń rákò ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Àwọn àlejò fi ẹyọ kan péré ṣíwájú wọn. Fermín wà ní ibùdó kejì, ẹnìkejì rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù fò lọ sí ìsàlẹ̀ pápá, Fermín ki eré mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ kì í bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ ẹni tó dúró létí ibùdó kẹta ló ń wò. Bí ọwọ́ bá ń yí, máa lọ. Bí ọwọ́ méjèèjì bá wà lókè, dúró. Wenceslao, ẹ̀gbọ́n Fermín, ló dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fermín rí ọwọ́ méjèèjì lókè, ó sì dúró. Àṣé bọ́ọ̀lù ti gba àárín ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àlejò kọjá wọnú ìrèké lọ. Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ì bá tilẹ̀ rìn délé. Ẹni tó gbá tẹ̀ lé e kò rí i gbá, eré parí.

Ojú gbogbo ayé wà lára bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́. Wenceslao wá ní òun juwọ́ pé kó máa bọ̀, pé ẹsẹ̀ Fermín ló kọ̀ ọ́. Etí Fermín ló ṣe gbọ́ ọ. Wenceslao yìí kan náà ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ẹ̀rọ ìrèké pa bàbá wọn. Ta ni yóò dúró láàárín èèyàn pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́? Ó gbé e mì. Ohun téèyàn gbé mì bẹ́ẹ̀ kì í sì í dà.

Yudelka ti bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní olú ìlú, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí i. Ṣùgbọ́n bó bá lọ báyìí, Òpó ló lọ, wọn á ní ìtìjú ló lé e. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dúró dè lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí. Ẹ̀gbọ́n náà sì ti ń gbàgbé. Ó ń wá ìyàwó tó ti sin. Ọdún bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ni kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìdúró sú Fermín, ó gbà láti lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ Yudelka dúró lójú títì, àpótí bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Fermín lọ dágbére lábẹ́ igi. Ulpiano, tó máa ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù, tí ẹnu rẹ̀ sì ta bí ata, wò ó tòkè tilẹ̀.

"Òpó ń lọ? Ẹ wo ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ eré í sá."

Fermín ṣí fìlà, ó gbé e sílẹ̀, ó lóṣòó síwájú àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ súre fún mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí Ọlọ́run bù kún yín, Bàbá," ni Wenceslao wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Fermín wá bèèrè ohun tí kò bèèrè rí láyé rẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ibo ni ọwọ́ yín wà?"

Wenceslao wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìnà. Ó ní kí wọ́n bu kọfí fún ọkùnrin yìí, ó jọ pé ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Fermín dìde. Ó la pápá kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọkọ̀ kó tó rántí fìlà. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ́rí padà, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún, ọ̀nà tí ibùdó kejì gbà já sí ìkẹta gan-an ló gbà.

Wenceslao rí i. Ọkùnrin tí wọ́n ń gbé dìde láràárọ̀ fúnra rẹ̀ fò dìde lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Dúró! Fermín, dúró níbẹ̀! Oòrùn wọ̀ mí lójú, mi ò rí bọ́ọ̀lù!"

Fermín dúró. Kì í ṣe òun ló ní kí ẹsẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ ló dúró.

Ulpiano rọra da dómínò ọwọ́ rẹ̀ délẹ̀. "Òkè ni ọwọ́ wà," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Fermín, máa lọ. Máa sáré lọ, ọmọ ẹ ń dúró."

Ó pẹ́ tí Fermín ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu Ulpiano. Ohun tó fi ayé rẹ̀ dúró dè ti dé, ọ̀nà sì là gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ arúgbó náà ṣì wà lókè, òjò ń ṣàn wọnú apá aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Fermín. Kò wo ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Dúró níbẹ̀," ni Wenceslao tún wí, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

Fermín rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mú, ó rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Àwọn ọwọ́ náà yí padà, wọ́n di tirẹ̀ mú. Yudelka fun fèrè ọkọ̀, ó tún un fun. Bàbá rẹ̀ wò ó láti abẹ́ igi, ó mi orí pé òun ò lọ mọ́.

Ulpiano fi ẹsẹ̀ ti àga tirẹ̀ sí i. Fermín jókòó. Ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe pa ọkọ̀, tó ń sọ àpótí kalẹ̀ nínú òjò. Ì bá lọ bá a gbé e, ṣùgbọ́n Wenceslao kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.