Bí Mo Ṣe To Fódà Ìsìnkú

Fódà mẹ́ta ló wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: ti ìgbéyàwó, ti ilé-ìwé àti ti ìsìnkú. Èmi ni mo tò wọ́n. Bí a bá ṣí ti ilé-ìwé, orúkọ fáìlì ló ń gbé jáde. Ti ìsìnkú ń gbé àwòrán ńláńlá jáde, torí nọ́ńbà lásán ni fóònù máa ń fi sọ fọ́tò lórúkọ. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún tàn án, bí mo ṣe to fódà kọ̀ọ̀kan náà ni mo máa ń bá a. Fún ọdún mẹ́rin, mi ò gbé ojú ẹnì kan fún ẹlòmíràn rí.

Adéríbigbé, tí Ọ̀gá Ọláníyì tó ni ṣọ́ọ̀bù mú wá láti ṣọ́ọ̀bù wọn kejì ní Ọ̀yọ́, wo fódà ìsìnkú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ̀mí, àwòrán lẹ fi ń dá fáìlì mọ̀? Bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi?"

"Ojú ni mò ń wá, ọmọ mi. Nọ́ńbà ò lójú."

Ó tẹ nǹkan kan, gbogbo fódà di orúkọ gbọọrọ, àwòrán pòórá. Mo tò ó padà. Lọ́jọ́ kejì ó tún ti yí i. Ọ̀gá ní kí n fi ẹni tó lọ yunifásítì lọ́rùn sílẹ̀.

Ìdílé kan ní Ìrẹsà fi fọ́tò òkú wọn ránṣẹ́, pẹ̀lú ti àwọn ẹbí tó máa wọ ìwé ìsìnkú. Adéríbigbé mú nọ́ńbà kan nínú wọn, kò ṣí i wò, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n fi tẹ pósítà òkú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé pósítà lọ tààrà sí Ìrẹsà. Ẹni tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kò mọ òkú, kò mọ alààyè.

Láàárọ̀ Furaidé, Baba Akínpẹ̀lú, àbúrò olóògbé, wọlé, ó na pósítà tí ojú òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ sí wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló pa mí nínú yín?"

Adéríbigbé ló kọ́kọ́ fọhùn. "Mọ̀mí ni, sà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da fódà rú."

"Irọ́ ni! Ọ̀gá, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo bí Adéríbigbé ṣe fi fódà ìsìnkú sílẹ̀."

Ọ̀gá ò tàn án. Ó bi mí lójú bàbá náà pé, "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ mọ a-b-d?"

Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí mo parí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi.

"Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n."

Mo kúnlẹ̀. Bàbá náà rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́." Èébú ìbá sàn fún mi.

Láti Mọ́ńdè, wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, abẹ tí wọ́n fi ń gé fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́tò òkú wá, mi kì í gbójú sókè mọ́.