Ma Ro O

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ìyàwó mi ti ilé ìwòsàn dé, kò tíì jẹ ohun tó ju ṣíbí mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ní bí kò bá jẹun dáadáa títí di ọjọ́ Ajé, òun á dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo bi í pé kí ló lè wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Páì kọ́sítáàdì ìyá mi," ó fèsì, ó sì kọjú sí ògiri.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ìyá àna mi ti sùn nínú Olúwa. Káfíńtà sì ni èmi. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà: inú ìwé orin wọn, láàárín àwọn orin ìkórè. Ojú ewé kan péré ni, wọn kò fi àmì ohùn kankan sí i.

Èèpo páì kò nira fún mi. Mo fi ìka ra bọ́tà tútù mọ́ ìyẹ̀fun títí ó fi dà bí ìyẹ̀ igi lẹ́yìn ayùn. Mo wọ́n omi sí i, mo fi ìgò yí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi tépù wọ̀n ọ́n. Mo tẹ́ ẹ sínú abọ́ páànù, mo yan án díẹ̀ kí ó lè dúró. Inú mi dùn bí ìgbà tí mo bá so ilẹ̀kùn tí kì í dún.

Ó wá ku kọ́sítáàdì. Mo lu ẹyin mẹ́rin mọ́ ṣúgà, mo gbé mílíìkì kaná. Ìwé ní: "Da miliki gbigbona si eyin die die. Ma ro o." Mo gbọ́ràn bí ọmọ ìjọ rere. Mo dà á, n kò rò ó. Ẹyin bá di kókó kókó.

Ẹyin mẹ́rin péré ló kù nílé. Mo ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí àbígbẹ̀yìn wa obìnrin. Kíá ló pè.

"Dádì, 'má rò ó' ni mo rí o."

"Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn, ó ti bàjẹ́."

"Àbí wọ́n ní kí ẹ má rò ó lọ́kàn ni? Kí ẹ ṣáà nígbàgbọ́!"

"Ìwọ ọmọ yìí, màá rò ọ́ mọ́ ẹyin!"

"Ta ló ń ro kí ni?" Ìyàwó mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó di férémù mú.

Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gba ìwé náà, ó sì kà á sókè bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́: "*Máa* rò ó!" Ẹ̀rín pa á. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n ní. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì, ìyá mi kò sì ní ẹyọ kan nílé!"

Ó jókòó sórí àpótí. "Ẹ máa dà á, Dádì. Èmi á máa rò ó."

Mo lu ẹyin mẹ́rin tó kù, mo tún gbé mílíìkì kaná. Mo ń dà á tínrín bí òwú, ó ń rò ó. Kò sí kókó kankan. Mo dà á sínú èèpo, mo gbé e wọ ófùn. Nígbà tí etí páì dì nínú ófùn, ó ní kí n gbé e jáde.

"Àárín rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n."

"Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n. Yóò dì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe àga."

Nígbà tó tutù, mo gé e, mo di ojú mi.

"Ẹ ṣe é ní kúkúrú o," ló wí.

Àmín kò tíì kúrò lẹ́nu mi tó fi ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ṣíbí ha abọ́.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ gé òmíràn."

Mo gé e. Nígbà tó jẹ ìyẹn náà tán, ó ní kí n bá òun mú báírò pupa wá. Ó fi *a* kan àti àmì kún "Ma" inú ìwé ìyá rẹ̀, ó sì kọ máàkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 9/10.